Àgbọ̀n Ṣíbí Kò Tíì Tó Gé

Àga mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ti Ṣíbí ló wà láàárín. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń lo èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aṣọ ìnura tí wọ́n ti fọ̀ ni wọ́n ń kó sórí ẹ̀kẹta. Dígí kan ṣoṣo ló gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀, òun ni gbogbo wọn ń kọjú sí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó jókòó á máa wo ara rẹ̀, ẹni tó ń gẹ irun á máa wo oníbàárà nínú dígí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ń bá ara wọn sọ, inú dígí yẹn ló ń gbà kọjá.

Ṣíbí kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ilé ìwé ló ti gbà á, nígbà tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú ju ti òkè lọ bí ẹnu ṣíbí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní tí òjò bá rọ̀, ẹnu rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di agẹrun, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kò dun òun mọ́. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó fi hàn mí nígbà tí mo ń gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn orí oníbàárà ló fi bo ìdajì ojú ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ. Eyín iwájú rẹ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kì í pàdé, nítorí náà kò lè fi wọ́n gé nǹkan kan. Ó ń fi ọwọ́ ya búrẹ́dì ni, á wá fi eyín ẹ̀yìn lọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ń jẹ ẹran, àwọn tí wọ́n jọ jókòó á ti fọwọ́ tán kí òun tó gbé ègé àkọ́kọ́ mì. Tó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ jáde níbi tí kò yẹ, àwọn oníbàárà tuntun á sì ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni obìnrin náà ń wà. Òun ló kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ní ilé ìwòsàn ńlá, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dókítà náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, ya àwòrán egungun orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó wò ó dáadáa, ó sì sọ fún wọn pé wáyà tí wọ́n fi ń to eyín nìkan kò lè ṣe é. Àwọn máa gé egungun àgbọ̀n náà, àwọn máa fà á sẹ́yìn, àwọn máa fi irin wẹ́wẹ́ dè é mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè pé ìgbà wo ni. Dókítà ní ìgbà tí àgbọ̀n náà bá dàgbà tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ òun létí rárá. Ohun tó gùn jù tẹ́lẹ̀, ṣé kí àwọn wá jókòó tì í kó tún gùn sí i ni?

“Tí a bá gé e lónìí,” ni dókítà wí, “egungun yẹn ò ní mọ̀ pé a gé òun. Á máa dàgbà rẹ̀ lọ. Lọ́dún méjì sí i, ẹ máa tún gbé e padà wá bá mi.”

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún àwọn ará ilé pé ilé ìwòsàn ní kí àwọn lọ máa bomi rin ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun rò pé ṣe ni wọ́n ń fi ọgbọ́n lé àwọn lọ.

Wọn kò lé wọn lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ní kó wá, wọ́n á ya àwòrán tuntun, wọ́n á gbé e lé ti ọdún tó kọjá lórí níwájú iná. Bí àgbọ̀n tuntun bá ti yọ díẹ̀ kọjá ti àtijọ́, wọ́n á ní kó máa lọ, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Àgbọ̀n ọkùnrin a máa pẹ́ kó tó dúró. Láàárín ìdúró yẹn ló kọ́ iṣẹ́ agẹrun, tó gba òmìnira, tó di ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Ó mọ irùngbọ̀n náà gẹ̀ débi pé òjìji rẹ̀ á ṣú sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ẹni tó bá wò ó láti iwájú kò ní tètè rí ibi tí àgbọ̀n náà dé. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹni tí àpá wà lórí rẹ̀, ẹni tí irun ń pá níwájú, ẹni tí orí rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ọ̀dọ̀ Ṣíbí ni wọ́n ń darí wọn sí. Ó lè fi kílípà bo àṣírí èèyàn.

Ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún kí àwòrán méjì tó bá ara wọn mu, tí kò sí ibi kankan tí ọ̀kan ti yọ ju èkejì lọ. Dókítà ní ó yá. Inú wọn dùn. Ìgbà náà ló wá sọ fún wọn pé wáyà ló kàn, iṣẹ́ abẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àlàyé rẹ̀ rèé bí dókítà náà ṣe sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà tí àgbọ̀n ti ń yọ síwájú ni eyín ti ń bá a bò ó mọ́lẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sápá ahọ́n, ti òkè tẹ̀ síta sápá ètè, kí wọ́n lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí wọ́n bá gé egungun nígbà tí eyín ṣì tẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní sí ibi tí wọ́n á fà á dé. Eyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde dúró ṣánṣán lórí egungun tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń dìde, àlàfo tó wà láàárín wọn á máa fẹ̀ sí i, àgbọ̀n á sì hàn gbangba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ó máa burú sí i kó tó dáa,” ló sọ fún Ṣíbí. “Ṣé o gbọ́ mi?”

Ó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dúró níwájú dígí látàárọ̀ dalẹ́.

Mo bi dókítà náà pé kí ló dé tí wọn kì í kàn gé egungun lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n wá to eyín lẹ́yìn. Mo tún bi dókítà eyín mìíràn tí kò mọ Ṣíbí rí. Àwọn méjèèjì ní àwọn kan ń ṣe é bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, fún àwọn tí eyín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Àmọ́ ó gba kí ẹni tó gé e wà nítòsí fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà. Ní ilé ìwòsàn tiwọn, àwọn oníṣẹ́ abẹ àgbọ̀n kò sí níbẹ̀ déédéé. Wọ́n máa ń wá láti ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á lọ. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò bá tíì ṣe tán nígbà tí wọ́n bá dé, ó di ọdún mìíràn. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún Ṣíbí nínú wíwá wọn tó ń bọ̀.

Wáyà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, dókítà fún un ní rọ́bà wẹ́wẹ́ tó máa ń so mọ́ ìkọ́ ara wáyà. Ó kọ́ ọ bó ṣe máa fi wọ́n: kó fi í kọ́ eyín iwájú lókè, kó fà á lọ sí eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kó máa yọ ọ́ tó bá fẹ́ jẹun, kó sì máa fi òmíràn sí i. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ dìde, ti òkè padà sẹ́yìn, gbogbo ohun tí dókítà sọ ló ṣẹ, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ burú.

Ṣọ́ọ̀bù agẹrun kì í ṣe ibi tí èèyàn ti lè burú ní jẹ́jẹ́. Káfíńtà kan tó máa ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì wò ó nínú dígí, ó ní, “Ṣíbí, ṣé ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò tó ni, tó o fi lọ ní kí wọ́n bù kún un?” Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì béèrè pẹ̀lú ìrònú bóyá ó ṣẹ dókítà náà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, Ṣíbí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń jókòó láti ọdún pípẹ́ wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí i pé àga Ṣíbí ṣófo, tí Ṣíbí sì dúró tì í, ó ní òun máa dúró de Ọ̀gá. Nígbà tí Ṣíbí ń sọ èyí fún mi, ó nu kílípà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Òfin kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde lórí àga òun kó burú ju bó ṣe jókòó lọ. Tí kílípà bá ṣì ọ́ lọ́wọ́, o ní láti wá nǹkan ṣe sí i kó o tó tú aṣọ ọrùn oníbàárà. O lè gé gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, o lè fi ẹ̀gbẹ́ bá àárín mu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rí i. Ìlànà tí Ṣíbí fi jẹun láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá búra fún mi pé òun kò sọ ọ́ nípa eyín rí. Mo gbà á gbọ́. Kò ní láti sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà dákẹ́, Ṣíbí dúró níwájú dígí, ó fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà. Ó fi í kọ́ iwájú lókè, ó fà á lọ sẹ́yìn nísàlẹ̀, ó wá dá ọwọ́ dúró, ó ń wo ibi tí rọ́bà náà ń fa nǹkan lọ. Eyín òkè ló ń fà sẹ́yìn, eyín ìsàlẹ̀ ló ń fà síwájú. Ó ní ṣe ni orí òun gbóná. Èyí tó ti wà níwájú jù ni wọ́n tún ń fà síwájú! Ó tú u. Ó fi í kọ́ iwájú nísàlẹ̀, ó fà á lọ sẹ́yìn lókè, apá méjèèjì. Kíá ló rí i pé ibẹ̀ ló ti yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó sọ fún mi pé òun rò pé dókítà ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé ó kọjú sí òun nígbà tó ń kọ́ òun, bóyá ohun tó wà lókè lójú tirẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ lójú tòun. Mo ní kó ṣàlàyé ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbìyànjú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi sílẹ̀.

Òdìkejì ló fi ń lo rọ́bà láti ọjọ́ yẹn. Iṣẹ́ pọ̀ lásìkò náà, àwọn ọmọ ń padà sílé ìwé, ó fi ìyẹn ṣe àwáwí, ó yẹ ọjọ́ tó yẹ kó lọ rí dókítà, ó tún yẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Eyín ìsàlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sẹ́yìn. Àlàfo ń dínkù. Káfíńtà wò ó nínú dígí, ó ní ẹnu ti ń jókòó o. Olùkọ́ àgbà ní òun máa mú ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn. Inú Ṣíbí dùn. Ó lo rọ́bà náà ju bí wọ́n ṣe ní kó lò ó lọ. Tó bá jẹun tán, kó tó fọwọ́, rọ́bà ló ń kọ́kọ́ fi sí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ abẹ dé, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a lọ. Obìnrin náà ti bá awakọ̀ mìíràn sọ ọ́ pé kó bá òun gbé àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ti yá bílẹ́ńdà lọ́wọ́ aládùúgbò, nítorí oúnjẹ lílọ̀ ni ẹni tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn fún á máa mu. Ó ti sọ fún gbogbo ìdílé.

Dókítà ní kí Ṣíbí la ẹnu. Ó wọn àlàfo náà. Ó tún un wọ̀n. Ó bi í bóyá ó ń lo rọ́bà, Ṣíbí ní òun ò fi ṣeré. Dókítà ní kó fi sí i kí òun rí i.

Kò béèrè dígí. Ìka rẹ̀ yára wọlé, iwájú nísàlẹ̀, ẹ̀yìn lókè, ọ̀tún, òsì, ó ti parí. Ó wá gbé ètè kúrò lórí eyín kí dókítà lè wò ó dáadáa, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́.

“Látìgbà wo?” ni dókítà béèrè.

Ó sọ ọ́.

“Ta ló ní kó o máa fi báyìí?”

“Èmi náà ni, mà. Mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́,” ni dókítà wí. “Gbogbo ohun tá a ti ṣe látẹ̀yìnwá ló ń tú.”

Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n da ẹ̀dà eyín rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan funfun bí ẹfun ṣe. Nígbà tó gbẹ, ó mú ti òkè sọ́wọ́ kan, ó mú ti ìsàlẹ̀ sọ́wọ́ kejì, ó fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn níwọ̀n tí ojú Ṣíbí ń fẹ́. Eyín òkè yọ síta lórí ti ìsàlẹ̀ bí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá fà á sẹ́yìn níwọ̀n tí eyín gbà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ó bi wọ́n pé nítorí ìwọ̀nba yìí, ṣé ó yẹ kí àwọn gé egungun èèyàn? Ó ní òun máa fi àyè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ti ṣe tán.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni wọ́n gbé padà. Ṣíbí jókòó lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ga dé àyà. Nígbà tí iná pupa dá wọn dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i.

“Ó ní kó o fà á síbí, o fà á sọ́hùn-ún.”

“Àǹtí, ó burú lójú mi ni.”

“Lójú ta ni kò burú? Èmi tí mò ń wò ó látìgbà tó o ti wà ní kékeré, ṣé mo sá?”

Iná di àwọ̀ ewé. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, obìnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítárìn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó délé ó dá bílẹ́ńdà padà.

Lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti wá tí wọ́n ti lọ, dókítà ránṣẹ́ pe Ṣíbí. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Tó bá fẹ́ kó dúró báyìí, òun lè bá a parí rẹ̀ báyìí. Eyín iwájú á máa kan ara wọn díẹ̀, kò ní sí pé wọ́n ń gé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n kò ní kúrò níbi tó wà, àwọn eyín ìsàlẹ̀ tó sì ti tẹ̀ jù yẹn, òun kò lè búra pé wọ́n á bá a dọ́jọ́ ogbó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti yà, kó tún burú, kó sì dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó ní òun ò ní bá a yàn. Ohun kan ṣoṣo tí òun ò lè bá a ṣe ni kó máa ṣe méjèèjì.

Ó wù ú kó fi sílẹ̀. Kò fi ìyẹn pa mọ́ fún mi. Ìdúró ti sú u, yẹ̀yẹ́ ti sú u, dígí sì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ó ti dáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ ni, kó ṣe bó bá ṣe wù ú. Bó ṣe di pé Ọ̀gá ló ń bi léèrè nìyẹn. Lárààárọ̀, kí oníbàárà tó dé, á yí ojú sí Ọ̀gá, á béèrè bóyá kò ti dáa báyìí.

Ọ̀gá ní òun ò pète láti kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè ọmọ náà ló sú òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí àga àárín, ó ní, “Jókòó.”

Ṣíbí jókòó. Ọ̀gá so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni fẹ́ gẹ irun fún un. Ó mú dígí ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí oníbàárà rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí Ṣíbí, ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi bá dígí ńlá mu.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè ka iye orí tí Ṣíbí ti gbé dígí ọwọ́ yẹn sẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e fún òun rí. Iwájú nìkan ló ti ń rí láti gbogbo ọdún yìí wá, iwájú tó ti fi irùngbọ̀n àti rọ́bà tún ṣe. Ó wá rí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀: imú, ètè òkè tó wọlé, àti àgbọ̀n níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn, bó ṣe wà nínú àwòrán dókítà.

“Èmi ni mo máa ń rí ọ láti ẹ̀gbẹ́ látàárọ̀ dalẹ́,” ni Ọ̀gá wí. “Látìgbà tó o ti ń yọ̀ pé ó ń dáa, ibẹ̀ yẹn ò mira.”

Ṣíbí mú dígí ọwọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó gbé e sí etí kejì, ó wo ìyẹn náà. Ó jókòó síbẹ̀ títí oníbàárà kan fi wọlé, tó kí wọn, tó sì jókòó tì wọ́n. Ọ̀gá tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ní kó dìde, iṣẹ́ ti dé.

Mo bi Ọ̀gá bóyá kò rò pé ohun tí òun ṣe lòdì sí òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí ọmọ náà dìde lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó burú ju èyí tó bá jókòó lọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní àga dókítà ni ọmọ náà jókòó sí, dókítà kò sì tíì ní kó dìde.

Ṣíbí padà lọ. Dókítà kò bá a sọ ọ̀rọ̀ àná, ó kàn fún un ní rọ́bà tuntun, ó sì ní kó fi sí i níṣojú òun. Iwájú lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ tó ti mọ òdìkejì ń ṣìnà, ó ń tú u, ó ń tún un fi sí i. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba iṣẹ́ wíwò. Kó tó gbé bọ́ọ̀sì jáde láàárọ̀, á ní kó la ẹnu kí òun rí i, bó ṣe máa ń wò ó bóyá àwọn ọmọ ti so bẹ́líìtì wọn. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n á sì la ẹnu fún un lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ilé rò pé ó ti ń ya wèrè, tàbí pé àwọn méjèèjì ni.

Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ètè rẹ̀ kì í fẹ́ pàdé mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ túbọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọmọdébìnrin kan tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀, ó béèrè ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi wà níta. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gbá a lẹ́nu. Ṣíbí ní kó fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi rọ́bà han ọmọ náà, ó sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ti ẹnu náà padà sínú, àmọ́ eyín ní láti kọ́kọ́ to ìlà. Ọmọ náà ní ó dáa.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ kan wà tó bá a tó jókòó sí yàrá, tó da gbogbo rọ́bà sílẹ̀. Òun kó wọn, òun dà wọ́n padà sínú àpò wọn, òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun sì lọ síṣẹ́. Nígbà tí òun dé, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi Ṣíbí nípa ọjọ́ náà. Ó ní kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dà bí ohùn ẹni tó ń hùmọ̀.

Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n tún fẹ́ wo ẹ̀dà eyín. Dókítà mú ti òkè, ó mú ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde dúró láti rí i dáadáa. Bí àwọn méjèèjì ṣe wà níwájú ara wọn, àlàfo náà fẹ̀ débi pé ìka èèyàn lè wọ̀ ọ́. Dókítà fa ti ìsàlẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó lọ, ó lọ, ó ró kó, ó dúró. Eyín òkè bo ti ìsàlẹ̀ yíká bí ìderí ṣe ń bo agolo rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, kò mira. Ó gbé e fún Ṣíbí kó dì í mú.

“Ó ti tó,” ló wí.

“Ó ti burú tó?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

“Ó ti burú dáadáa, mà.” Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé ni wọ́n máa gé e. Òun ni ẹni àkọ́kọ́.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, obìnrin náà kò lè dúró kí wọ́n délé. Ó fi fóònù pe àbúrò ìyá wọn ọkùnrin, ó ń sọ ọ́ sókè pé àwọn ti rí dókítà, pé wọ́n ní ti Ṣíbí ti burú tán pátápátá. Ohùn tó wà lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn pẹ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n ṣe ọkàn gírí, ó ń béèrè bóyá kò sí ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Obìnrin náà ń sọ pé rárá, Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa yọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè parí ọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wò ó.

Ṣíbí gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé eyín ti ṣe tán, pé wọ́n ti fún òun lọ́sẹ̀ tí wọ́n máa gé àgbọ̀n náà. Ọkùnrin náà fẹ́ kó tún un sọ, nítorí afẹ́fẹ́ ti gbé ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ó tún un sọ. Ọkùnrin náà wá béèrè bóyá kò ní í dùn ún.

“Á dùn mí, Bọ̀ọ̀dá,” ni Ṣíbí dáhùn. “Ẹ ṣáà rí i pé ẹ wá.”